Ẹṣin Tí Ó Sanra Jù

Àwọn ẹlòmíràn gbà pé bí ẹṣin bá ti sanra tó ni ọlá olúwa rẹ̀ tó. Èrò yìí kò tọ́. Ẹni tí ó so ẹṣin mọ́lẹ̀ de ọjọ́ ọdún, tí ó ń da ọkà bàbà fún un láìní ìwọ̀n, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó ń bà jẹ́.

Ẹran-ara tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó so egungun ẹsẹ̀ mọ́ inú pátákò. Bí ẹṣin bá sanra jù, tàbí tí ó jẹ ọkà ní àjẹjù, ẹran-ara yìí lè wú, kí ó sì tú. Pátákò a gbóná, ẹṣin a fì sẹ́yìn nítorí ìrora ẹsẹ̀ iwájú. Bí a kò bá tètè pe dókítà ẹran, ó lè yarọ. Kí a tó ronú àtikan irin mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ oúnjẹ rẹ̀ wò.

Bí ọwọ́ kò bá tètè kan egungun ìhà rẹ̀, ó ti sanra jù. Kí a dín ọkà kù díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kí a má ṣe febi pa á: ẹṣin tí ó wọn 300 kìlógíráàmù kò gbọdọ̀ jẹ koríko gbígbẹ tí ó dín sí nǹkan bí 4.5 kìlógíráàmù lójúmọ́. Bí ẹsẹ̀ kò bá dùn ún, kí a máa mú un rìn. Kí a máa nu ìgbẹ́ kúrò nínú pátákò, kí a sì máa gé e ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8.

Ẹṣin tí kò lè rìn kì í gbé ẹnikẹ́ni dé ibi ọlá.