Ẹ Jẹ́ Kí A Ti Inú ‘Ìbá’ Wọ Gẹ̀ẹ́sì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí a tú ọ̀rọ̀ ‘àbámọ̀’ yìí wò. Odindi gbólóhùn ni ó wà nínú rẹ̀: ‘à bá mọ̀’. Ẹni tí ó sọ bẹ́ẹ̀ ń sọ pé òun kò mọ̀, pé ọ̀ràn ti ṣẹlẹ̀, àti pé ká ní òun mọ̀ ni, ibi tí ọ̀rọ̀ já sí ì bá yàtọ̀. Àwọn baba wa mú gbólóhùn tí ń sọ nípa ohun tí kò ṣẹlẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di ọ̀rọ̀-orúkọ. Èdè tí ó lè ṣe irú iṣẹ́ yìí kì í ṣe èdè tí ọ̀rọ̀ àfinúrò ṣàjèjì sí.

Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n bá ń kọ́ ọmọ Yorùbá ní irú gbólóhùn yìí nínú Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ni wọ́n ń ṣe bí ẹni pé ọmọ náà kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Olùkọ́ á to ó sójú pátákó: oríṣi kìíní, oríṣi kejì, oríṣi kẹta. Ọmọ á kọ́ ọ sórí, á sì gbàgbé rẹ̀ ní kété tí ìdánwò bá parí. Èrò tèmi ni pé kò yẹ kí ẹ̀kọ́ náà bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ohun tí ọmọ ti mọ̀ ni ó yẹ kí á fi mú un dé ibi tí kò tíì mọ̀.

Kí ni ọmọ náà ti mọ̀? Ẹ wo gbólóhùn méjì yìí: ‘Bí mo bá lówó, n ó ra mọ́tò’, ‘Ǹ bá lówó, ǹ bá ra mọ́tò.’ Ẹni tí ó sọ ti àkọ́kọ́ ń retí owó. Ó lè rí i lọ́la. Ẹni tí ó sọ ti èkejì kò lówó lọ́wọ́, ó sì mọ̀ pé òun kò ní. Ọmọ tí a fi Yorùbá tọ́ kì í ṣi ọ̀kan gbọ́ sí èkejì. Ǹ bá, ò bá, ì bá, à bá, ẹ̀ bá, wọn ì bá: ohùn ìsàlẹ̀ tí a ń gbọ́ ṣáájú ‘bá’ yìí ni ó ń fi hàn pé a ti kúrò nínú ohun tí ó wà, a ti bọ́ sínú ohun tí a kàn ń rò. Bí a bá fẹ́ kọ̀, a ní ‘kì bá’: ‘Ọmọ náà kì bá tí ṣubú.’ ‘Ká ní’ náà tún wà: ‘Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá ti wá.’ Odindi Bíbélì Yorùbá jáde ní ọdún 1884, ‘ìbáṣepé’ sì ni àwọn olùtumọ̀ fi sí Màtá lẹ́nu nígbà tí ó ń bá Jésù sọ̀rọ̀ lórí ikú Lásárù. Ọ̀rọ̀ náà sì bá ẹnu rẹ̀ mu.

Ọgbọ́n tí Gẹ̀ẹ́sì dá sí i yàtọ̀. Ṣe ni ó yá ọ̀rọ̀-ìṣe àná lò fún èrò òní. ‘If I had money, I would buy a car’: ‘had’ inú rẹ̀ kì í ṣe ti àná rárá, owó tí kò sí lọ́wọ́ lónìí ni ó ń sọ. Bí ọ̀rọ̀ bá wá jẹ́ ti àná lóòótọ́, Gẹ̀ẹ́sì á tún sún sẹ́yìn sí i: ‘If I had known, I would have come.’ Ìgbésẹ̀ kan sẹ́yìn, kò rí bẹ́ẹ̀ lónìí. Ìgbésẹ̀ méjì sẹ́yìn, kò rí bẹ́ẹ̀ lánàá. ‘Were’ tí ó wà nínú ‘If I were you’ náà jẹ́ àṣẹ́kù ọ̀nà àtijọ́ tí Gẹ̀ẹ́sì ń gbà sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀. Yorùbá á ní, ‘Bó bá ṣe èmi ni.’

Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀ jẹ́ méjì. Èkíní, ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kì í yí padà nítorí àsìkò. ‘Mo lọ’, ‘n ó lọ’, ‘ǹ bá lọ’: ‘lọ’ kan náà ni. Nítorí náà, bí olùkọ́ bá sọ pé ti ohun tó ti kọjá ni ‘had’, tí ó sì tún lò ó fún òní láìṣe àlàyé, kò sí bí kò ṣe ní í dàrú mọ́ ọmọ lójú. Èkejì, ‘ǹ bá’ lè wà nínú awẹ́ gbólóhùn méjèèjì ní Yorùbá: ‘Ǹ bá mọ̀, ǹ bá wá.’ Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń béèrè nínú ìdánwò kò fẹ́ ‘would’ yìí nínú awẹ́ tí ‘if’ bá wà. Ọmọ tí ó kọ ‘If I would have known’ kì í ṣe olódo. Gírámà ilé rẹ̀ ni ó tẹ̀ lé. Bí olùkọ́ bá mọ èyí, àlàyé rẹ̀ kò gùn: Yorùbá pè é lẹ́ẹ̀mejì, Gẹ̀ẹ́sì pè é lẹ́ẹ̀kan. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, yóò kàn fa igi lé e ni, ọmọ náà kò sì ní í mọ ohun tí òun ṣẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé ríronú ní Yorùbá gan-an ni ó ń ba Gẹ̀ẹ́sì jẹ́, pé kí ọmọ fi èdè ilé rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì. N kò gbà. Èdè kì í ṣe bàtà tí a ń bọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Ní ọdún 1970 ni Yunifásítì Ifẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá ṣíwájú rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen’s ‘A’ ní Modákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ wọn yí sí Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún kẹrin. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, àwọn ọlọ́dún mẹ́fà ti Yorùbá kò kẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣe dáadáa ju àwọn yòókù lọ nínú àwọn iṣẹ́ mìíràn.

Ewu mìíràn tún wà nínú kí á máa fojú kéré èdè ẹni. Ní ọdún 1981, Alfred Bloom, ọmọ Amẹ́ríkà, kọ ìwé kan pé nítorí pé èdè Ṣáínà kò ní àmì tirẹ̀ fún ohun tí kò ṣẹlẹ̀, ó nira fún àwọn tí ń sọ ọ́ láti ronú lọ́nà bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1983, Terry Au tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Ó fi èdè Ṣáínà tí ó já gaara kọ àwọn ìtàn ìdánwò náà, ó sì yé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yékéyéké. Èdè ìdánwò ni kò gún, kì í ṣe ọpọlọ àwọn tí wọ́n dán wò. Mélòó nínú àwọn ọmọ wa ni a ti pè ní olórí kíkú nítorí irú ìdánwò bẹ́ẹ̀?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. Ní ọdún 2022 ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí á máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba kéde pé òun ti wọ́gi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí á máa fi kọ́ wọn. Òfin lè yí padà lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n kò sí òfin tí ó ní kí olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì má mọ bí ‘ìbá’ ṣe ń ṣiṣẹ́.

Iṣẹ́ tiwa ni èyí, àwa tí à ń kẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá. Àwa ni a mọ ohùn ìsàlẹ̀ inú ‘ǹ bá’. Kí á má jẹ́ kí ó parí sínú ìwé ìdánwò wa. Ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó bá ń lọ kọ́ni, kí ó kọ gbólóhùn Yorùbá sí ẹ̀gbẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì lójú pátákó, kí ó sì fi ibi tí wọ́n ti jọra àti ibi tí wọ́n ti pínyà han àwọn ọmọ. Ẹ̀yin olùkọ́ wa ní ẹ̀ka Yorùbá àti ti Gẹ̀ẹ́sì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó pọ̀, kí ẹ ṣe ìwé pélébé kan lórí rẹ̀ fún àwọn olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àwa ọmọ yín yóò tẹ̀ lé yín.