Ìtàn Irọ́ Tí Ń Bi Wá Ní Ìbéèrè Òótọ́

Àwọn àgbàlagbà kan wà nílẹ̀ Ìkálẹ̀ tí wọn kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ sinimá rárá. Bí ẹ bá dárúkọ rẹ̀ níwájú wọn, wọn yóò ní irọ́ ni, wọn yóò sì ní òun ló ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní oògùn owó. N kò bá wọn jiyàn pé irọ́ ni. Ta ni kò mọ̀ pé òṣèré tí wọ́n gún lọ́bẹ nínú eré ti lọ jẹun alẹ́ nílé rẹ̀? Ṣùgbọ́n àwọn àgbàlagbà yìí kan náà ni wọ́n pa àlọ́ ìjàpá fún wa lábẹ́ òṣùpá, ọmọ kankan kò sì dìde kí ó ní òun kò gbà pé ìjàpá ń sọ̀rọ̀. Àlọ́ kò fi ìjàpá kọ́ wa nípa ìjàpá. Àwa fúnra wa ni ó ń fi í kọ́ wa. Mo gbà pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni sinimá àtọwọ́dá lè ṣe, bí ẹni tí ó ṣe é bá mọ ohun tí ó ń ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Òkìtìpupa, a lọ wo sinimá kan tí ó dá lórí àwọn àjẹ́. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí tiwa ni ẹ̀bi tí ó tẹ̀lé e. Ìyá arúgbó kan wà ní agboolé wa tí kò bímọ, tí ó máa ń fi púpurù àti ẹja lé wa lọ́wọ́ bí a bá ti ilé ìwé dé. Láti ọjọ́ tí a ti wo sinimá náà, kò sí èyí tí ó gba oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ nínú wa. Bí ó bá pè wá, sísá ni. Ó mọ ìdí rẹ̀, kò sì sọ nǹkan kan títí tí ó fi kú.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni mo wo The Figurine, tí Kúnlé Afọláyan gbé jáde ní 2009. (Ọmọ Adéyẹmí Afọláyan, Ade Love, ni; àwọn tí ó ti dàgbà nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa yóò rántí Àjàní Ògún ti 1976, àti bí baba náà ti máa ń gbé sinimá rẹ̀ láti ìlú dé ìlú.) Àwọn ọ̀rẹ́ méjì tí wọ́n ń sin ilẹ̀ baba wọn lẹ́yìn ẹ̀kọ́ yunifásítì rí ère kan nínú ojúbọ tí a ti pa tì. Wọ́n ní ẹni tí ó bá fọwọ́ kan ère náà, ọdún méje ni yóò fi rí oore, ọdún méje mìíràn ni yóò sì fi rí ibi. Oore dé lóòótọ́. Nígbà tí ọdún méje pé, ibi náà dé. Àwa tí a jókòó ti ń mi orí pé òrìṣà ń jà, àfi ìgbà tí aṣọ ká lójú ọ̀ràn, tí a rí i pé ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ náà, ẹni tí ìfẹ́ aya ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń jó lọ́kàn láti ìgbà pípẹ́, ni ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ibi. Síbẹ̀ sinimá náà kò sọ pé òrìṣà kò sí. Ó bi wá léèrè ohun tí àwa gbàgbọ́, ó sì parí.

N kò sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà. Ìyá arúgbó yẹn ni mo ń rò. Àwọn baba wa ní ohun tí a kúnlẹ̀ yàn ni a dáyé bá. Wọ́n tún ní ìwà ẹni ni í ba ti ẹni jẹ́. Bí a bá ń jiyàn, ẹnìkan a mú ti àkọ́kọ́, ẹnìkan a mú ti èkejì, a ó sì pariwo títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ìtàn nìkan ni ó lè fi méjèèjì há wa láyà lẹ́ẹ̀kan náà fún wákàtí méjì, kí ó má sì jẹ́ kí a rí ibi sá sí.

Ohun tí mo ń wí yìí kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ wa. Ẹ wo Ayélála, tí àwọn ará Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ bẹ̀rù ju kóòtù lọ, tí òkìkí rẹ̀ sì ti kàn dé ìlú Bìní. J. Ọmọ́sadé Awólàlú kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1968. Ìtàn náà ni pé ọkùnrin ará Ìlàjẹ kan bá ìyàwó ìjòyè lò pọ̀, ó sá lọ sọ́dọ̀ àwọn Ìjọ̀, ìjà ńlá sì bẹ́ sílẹ̀ láàrin ẹ̀yà méjèèjì. Nígbà tí wọ́n fẹ́ parí ìjà, ẹrúbìnrin kan ni wọ́n mú, tí wọ́n fi ẹ̀mí rẹ̀ di májẹ̀mú. “Ayélála” ni ó wí kí ó tó kú, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí pé ayé ṣòro, ayé kò ṣeé mọ̀ délẹ̀. Igbe náà ni ó di orúkọ rẹ̀.

Gbogbo wa ni a mọ̀ pé Ayélála a máa fìyà jẹ olè àti abúra-èké. Mélòó nínú wa ni ó ti bi ara rẹ̀ pé kí ni ẹrúbìnrin náà ṣe? Ẹni tí ó dẹ́ṣẹ̀ kọ́ ni wọ́n pa. Ẹni tí a kò ṣe òdodo sí rárá ni a wá sọ di onídàájọ́ wa, òun ni a sì ń ké pè kí ó bá wa wá òdodo!

Ìdí nìyí tí inú mi kì í fi í dùn sí ọ̀pọ̀ sinimá tí a ń tà lónìí. Ẹlẹ́ṣẹ̀ yóò ya wèrè, yóò jẹ́wọ́ láàrin ọjà, ó tán; òǹwòran a dìde, a gbọn aṣọ rẹ̀, a lọ sílé bí ẹni pé ọ̀ràn náà kò kàn án. Saworoidẹ, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tí Túndé Kèlání sì darí ní 1999, kò fi wá sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lápité kọ̀ láti ṣe ètùtù tí ó so ọba mọ́ ìlú, a sì kórìíra rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn agégẹdú ń jẹ igbó Jogbo run, àwọn ìjòyè ńkọ́, tí ọwọ́ àwọn náà wà nínú àwo? Ẹni tí ó bá mọ bí igbó wa ní apá Òkìtìpupa ti rí tẹ́lẹ̀ yóò mọ̀ pé Jogbo kò jìnnà.

Bí ẹnìkan bá fẹ́ ṣe sinimá Ayélála, kí ó má bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn tí òrìṣà náà pa. Kí ó fi ojú obìnrin náà hàn wá ní òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn, kí a mọ ohun tí ó ń sè, kí a gbọ́ kí ẹnìkan pe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, kí wọ́n tó wá mú un. Kí ó má sì sọ fún wa bóyá àlàáfíà tí wọ́n rà tó iye tí wọ́n san. Èmi yóò san owó ìwọlé àwọn àgbàlagbà tí mo mẹ́nu kàn lókè, iwájú pátápátá ni n ó sì fi wọ́n jókòó sí.