Mọ́tò ti dé Súrùlérè, orúkọ ṣì wà n'Íbàdàn

Màmá kan pè mí láti Ìbàdàn lọ́sẹ̀ tó kọjá. "Ọmọ mi, téèsì wọlé pé mọ́tò mi rú òfin l'Ékòó. Èmi tí mi ò jáde nílùú láti ọjọ́ Iléyá!" Ojú tì mí. Ọwọ́ wọn ni mo ti ra mọ́tò tí mo ń wà kiri Súrùlérè láti bí ọdún kan. Èmi tí mo kàwé lọ́ọ́yà, mi ò yí orúkọ padà.

Nǹkan méjì ni ọ̀pọ̀ wa ń dà pọ̀: nọ́ńbà àti orúkọ.

Nọ́ńbà ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kò sọ mọ́tò di àjèjì l'Ékòó. FRSC ló ń ṣètò nọ́ńbà fún gbogbo Nàìjíríà. MUS ń tọ́ka sí Múṣin, KJA sí Ìkẹjà: ibi tí wọ́n ti forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe ibi tó gbọ́dọ̀ máa gbé. Bí ẹnikẹ́ni bá dá yín dúró ní Ojúẹlẹ́gba torí pé nọ́ńbà yín kì í ṣe ti Èkó, ẹ fi sùúrù bi í pé òfin wo lẹ rú. Abala 36(12) nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ní a ò gbọ́dọ̀ dá èèyàn lẹ́bi ẹ̀ṣẹ̀ tí òfin kò kọ sílẹ̀ pẹ̀lú ìjìyà rẹ̀.

Àmọ́ ti orúkọ le. Kámẹ́rà ìjọba Èkó ń ka nọ́ńbà lójú títì. Ẹni tó wà nínú àkọsílẹ̀ ni téèsì ń lọ bá, kì í ṣe ẹni tó di sítíárìn mú. Bí mo bá gbá èèyàn tí mo sì sá lọ, ilẹ̀kùn màmá yẹn ni ọlọ́pàá máa kọ́kọ́ kàn. Bí wọ́n bá sì jí mọ́tò náà, kí ni mo fẹ́ sọ nígbà tí pépà ń pe orúkọ ẹlòmíì?

Mo mọ àwáwí wa: owó, "ẹ padà wá lọ́la", àjẹ́ǹtì tó ń bu iye tó wù ú. Àwáwí yẹn kì í ṣe irọ́. Kí ìjọba lẹ iye owó mọ́ ara ògiri gbogbo ọ́fíìsì láísẹ́ǹsì, kí ẹni tó ta mọ́tò náà sì lè tètè fi tó wọn létí lórí fóònù pé òun ti tà á.

Kó tó dìgbà yẹn, ẹ gba ìwé àdéhùn tí ẹni tó tà á fọwọ́ sí, ẹ gba pépà àtilẹ̀wá, ẹ mú ìwé ìdánimọ̀ yín, kí ẹ lọ yí i padà. Èmi náà ti bẹ̀rẹ̀ tèmi.

Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ. Ẹ má fi ti màmá onímàmá wakọ̀.