Pàṣán Kọ́ Ni Ìmọ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a ó fi ọwọ́ òsì fà á mọ́ra. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, fídíò kan jáde láti Gànmọ́, nítòsí Ìlọrin, níbi tí wọ́n ti ń na àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé kéwú kan ní gbangba, lórí ẹ̀sùn pé wọ́n mu ọtí. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Kwara dá sí ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n àwọn kan ní bí ẹ̀sìn ṣe ní kí a tọ́ ọmọ nìyẹn.

Ǹjẹ́ òótọ́ ni? Al-Ghazali, tí ó kú ní ọdún 1111, sọ nínú ìwé rẹ̀, Ihya Ulum al-Din, pé ọkàn ọmọdé dà bí òkúta iyebíye tí a kò tíì fín ohunkóhun sí lára. Ó ní bí ọmọ bá ṣàṣìṣe lẹ́ẹ̀kan, kí a mójú kúrò, kí a má tú àṣírí rẹ̀. Bí ó bá tún un ṣe, kí a bá a wí ní ìkọ̀kọ̀. Ó tún ní kí a jẹ́ kí ọmọ ṣeré lẹ́yìn ẹ̀kọ́, kí ọkàn rẹ̀ má baà kú.

Ibn Khaldun, ọmọ Tunis, kọ Muqaddimah ní ọdún 1377. Ó kìlọ̀ níbẹ̀ pé ọmọ tí a fi ìkanra tọ́ yóò ya ọ̀lẹ, yóò sì kọ́ irọ́ àti ẹ̀tàn. Ó tọ́ka sí Ibn Abi Zayd, àgbà amòfin Màlíkì, pé bí nínà bá di dandan, kò gbọdọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ.

Èmi olùkọ́ Yorùbá yìí náà ti mú pàṣán dání rí. Ọmọ tí mo nà nítorí àmì ohùn há a sórí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí nǹkan kò bá yé e, kò jẹ́ bi mí mọ́. Ta ni ó pàdánù?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, n kò ní kí ẹ ya aláìgbọràn. Ẹ̀yin olùkọ́ àti aláfàá ẹlẹgbẹ́ mi, ìbáwí yàtọ̀ sí ìtìjú. Ohun tí a kọ sára wàláà, omi a máa fọ̀ ọ́ kúrò. Èyí tí pàṣán bá fín sọ́kàn ọmọ, omi wo ni yóò fọ̀ ọ́?