Agbára Oko Kì í Ṣe Ìgbaradì Eré Ìje

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a ń gbọ́ lemọ́lemọ́ ní Tchatchou àti ní àwọn ìletò tí ó yí i ká: "Ọmọ tí ó ń kọ ebè iṣu láti àárọ̀ dé ọ̀sán, kí ni ó fẹ́ fi ìdánrawò ṣe? Ara rẹ̀ ti le." Ọ̀rọ̀ yìí ni a gbójú lé tí a fi ń pe àwọn ọ̀dọ́ sí eré ọ̀nà jíjìn nígbà tí ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí ọjọ́ àjọ̀dún pé, tí a sì ń pàtẹ́wọ́ fún ẹni tí ó ṣubú lójú ọ̀nà pé akíkanjú ni. Àwa kò fara mọ́ ọn, a ó sì sọ ìdí rẹ̀.

Ebè kíkọ a máa mú ẹ̀yìn àti apá le. Ṣùgbọ́n nínú eré ọ̀nà jíjìn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ni ẹsẹ̀ ń gbá ilẹ̀. Èémí a máa tètè bá eré mu. Iṣan tí ó so ẹran ara mọ́ eegun kì í tètè le. Ibẹ̀ ni ewu wà. Ọ̀dọ́ náà yóò rò pé kò séwu níwọ̀n ìgbà tí èémí rẹ̀ kò já, títí orúnkún àti ojúgun rẹ̀ yóò fi sọ òtítọ́ fún un. Kìlómítà 42 ó lé mítà 195 ni márátọ́nì. Láti Tchaourou dé Parakou, tí Tchatchou wà láàárín wọn, gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn baba wa fi ẹsẹ̀ rin irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Àwa ọmọ wọn, ẹ̀yìn alùpùpù zémídján ni a ń jókòó sí lọ sí ọjà àti ilé-ẹ̀kọ́.

Àwọn kan yóò dárúkọ Abebe Bikila, ọmọ Etiópíà tí ó sáré láìwọ bàtà ní Róòmù ní ọdún 1960, tí ó sì gba wúrà. Wọn kì í sọ ìyókù ìtàn náà: ọmọ ogun ẹ̀ṣọ́ ọba ni, Onni Niskanen, ará Swídìn, sì ni olùkọ́ tí ó múra rẹ̀ sílẹ̀. Bàtà ni Bikila kò wọ̀. Ó wọ ìgbaradì. Ẹ jẹ́ kí a rántí Francisco Lázaro pẹ̀lú, káfíńtà ọmọ ilẹ̀ Pọ́túgàl. Ó ti gba ipò kìíní nílẹ̀ rẹ̀ kí ó tó lọ sáré ní Stockholm ní ọdún 1912. Ooru mú lọ́jọ́ náà. Ó ṣubú lójú ọ̀nà, ó sì kú ní ọjọ́ kejì. Bí ooru bá lè pa ẹni tí ó gbára dì, kí ni a ó wí fún ìyá ọmọ tí a pè sí eré nínú ooru oṣù kẹta ní Borgou, láìmúra?

Wọn a tún wí pé: "A kò ráyè." Òótọ́ ni. Kajú ń bẹ láti ṣà, ìdánwò Baccalauréat ń bọ̀, ọmọ ń sunkún nílé. Ṣùgbọ́n ìdajì wákàtí kí oòrùn tó yọ, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, àti ìrìn gígùn kan lọ́jọ́ ìsinmi tí à ń fi díẹ̀ kún, fún oṣù mẹ́ta, tó láti mú aláìráyè parí ìdajì márátọ́nì kí ó sì dé ilé láìfarapa. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹni tí kò bá rí oṣù mẹ́ta, kí ó sá kìlómítà 5, kí ó má sì tijú láti rìn níbi tí ó bá rẹ̀ ẹ́.

Nítorí náà, ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ wa nìyí. Kí a má ṣe kéde eré tí ó ju kìlómítà 10 lọ bí kò bá ku oṣù mẹ́ta. Kí eré bẹ̀rẹ̀ ní ìdájí. Kí omi wà lójú ọ̀nà. Kí a yàgò fún títì Cotonou sí Parakou, nítorí ọkọ̀ akẹ́rù kì í dúró de eléré. Kí a sì pọ́n ẹni tí ó dúró nítorí ìrora lé, bí a ti ń pọ́n ẹni tí ó borí lé.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, a ti gbọ́ nípa ogun yìí. Bí ọmọ kan bá ṣubú lọ́dún tí ń bọ̀, a kò ní lè sọ pé a kò mọ̀.