ÌRÒYÌN KÒ TÓ ÀFOJÚBÀ

Bí ìyá kan bá lọ ra aṣọ ní ọjà Ẹdẹ, kò ní sanwó kí ó tó tú aṣọ náà, kí ó fi ọwọ́ pa á, kí ó sì gbé e wò nínú oòrùn. Síbẹ̀, ìyá yìí kan náà a máa san owó tí ó ju ti ọ̀pọ̀ ìdì aṣọ lọ fún yunifásítì tí kò tẹ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ rí. Aládùúgbò kan ti ní ibẹ̀ dára, ó parí. Ọ̀ràn yìí ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lónìí.

Ọlọ́hun kẹ́ Ẹdẹ. Láti 1992 ni Pólì ti ìjọba àpapọ̀ ti wà níbẹ̀. Yunifásítì Adélékè bẹ̀rẹ̀ ní 2011. Yunifásítì Redeemer's, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2005 ní ojú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, sì ti kó wá sí ìlú náà. Ìjọ onígbàgbọ́ ni ó wà lẹ́yìn yunifásítì méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ni Mùsùlùmí sì pọ̀ ní Ẹdẹ láti ìgbà àwọn baba wa. Mùsùlùmí ni Tìmì Àbíbù Lágúnjú tí ó jọba ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Tìmì John Adétóyèsè Láoyè, tí ó jọba láti 1946 títí di 1975, jẹ́ ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, àtimùsùlùmí àtonígbàgbọ́ sì jọ wà lábẹ́ rẹ̀.

Mo mọ ìdí tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń yẹra fún ọgbà àwọn onígbàgbọ́. Ní ayé òyìnbó, ọmọ a wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ ní Sùlèmánà, a sì jáde ní Sólómọ́nì. Irú rẹ̀ ni ó mú kí àwọn àgbà dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní Èkó ní 1923, tí wọ́n sì kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ tiwọn. Ìbẹ̀rù náà nídìí. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù tí kò jẹ́ kí ènìyàn bèèrè ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ìṣọ́ra, ó ti di àìmọ̀kan.

Nínú Redeemer's ni ilé ìwádìí àrùn tí a kọ́kọ́ pè ní ACEGID wà. Nígbà tí Ebola wọ Èkó ní July 2014, àwọn onímọ̀ rẹ̀ wà lára àwọn tí ó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé Ebola ni. Ní March 2020, wọ́n wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ tú àṣírí ẹ̀dá kòkòrò àrùn Kòrónà ní ilẹ̀ Áfíríkà. Mélòó nínú wa ni ó mọ̀ pé irú nǹkan báyìí ń ṣẹlẹ̀ ní Ẹdẹ? Bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn, yóò ní kò sí oko tí ó tó ti baba òun.

Ní àìpẹ́ yìí, mo bá ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan tí ń ta ańkárá, àti ọmọ rẹ̀ tí ó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, lọ wo ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan. Ẹni tí ó mú wa kiri fi gbọ̀ngàn hàn wá, ó sì sọ iye àjà tí ilé náà ní. Èmi náà ń gbójú sókè. Ọmọ náà ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ṣé mo lè rí yàrá tí wọ́n ti ń ṣe àyẹ̀wò?" Wọ́n ṣí i fún un. Ó ka ẹ̀rọ tí a fi ń wo kòkòrò, ó sì bi akẹ́kọ̀ọ́ kan léèrè iye ènìyàn tí ń lo ẹyọ kan. Ẹ̀gbọ́n mi bèèrè tirẹ̀: "Ẹ̀yin ọmọ mi, lẹ́yìn owó ilé-ẹ̀kọ́, kí ni ẹ tún ń san?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n kà á fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ń fi ìka ṣírò rẹ̀. Kò pẹ́ tí ìyá àti ọmọ fi mọ ohun tí àwòrán ara ìwé ìpolówó kò lè sọ fún wọn.

Ohun mẹ́ta ni kí ẹ máa bèèrè. Èkíní, ẹ̀kọ́ tí ọmọ fẹ́ kọ́ gan-an. Àjọ NUC a máa yẹ ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan wò. Yunifásítì lè ní àṣẹ ìjọba, kí ẹ̀kọ́ kan nínú rẹ̀ má tíì gba ìfọwọ́sí. Èkejì, owó. Ẹ̀yáwó NELFUND tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2024, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ni a ṣe é fún, kì í ṣe ti aládàáni. Ẹ̀kẹta, ẹ̀sìn. Abala 38 nínú òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 sọ pé a kò gbọdọ̀ fi dandan mú akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ìsìn tí kì í ṣe ti ẹ̀sìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má dúró di ọjọ́ ẹjọ́. Ẹ ka ìwé òfin ilé-ẹ̀kọ́ kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Níbo ni ọmọ mi yóò ti máa kírun? Ṣé yóò ráyè lọ Jímọ̀? Híjáàbù ńkọ́? Oúnjẹ sààrì ńkọ́ nígbà ààwẹ̀? Bí ìdáhùn kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí ẹ sì máa lọ.

Kì í ṣe ọgbà onígbàgbọ́ nìkan ni mo ní kí ẹ yẹ̀ wò. Yunifásítì Fountain, tí ẹgbẹ́ NASFAT dá sílẹ̀ ní 2007, wà ní Òṣogbo tí kò jìnnà sí Ẹdẹ. Ojú kan náà ni kí ẹ fi wò ó. Bí ẹ bá rí mọ́ṣáláṣí nínú ọgbà, ẹ dúpẹ́ fún Ọlọ́hun, kí ẹ sì tún bèèrè ilé ìkàwé. A kì í tìtorí pé ọjà jẹ́ ti ẹbí ẹni kí a di ojú rà á. Ṣé ẹ rántí Fátímà al-Fihri, obìnrin Mùsùlùmí tí ìtàn sọ pé ó dá al-Qarawiyyin sílẹ̀ ní ìlú Fez, ní Mòrókò, ní 859? Ẹ̀sìn wa kò fi ìgbà kan kórìíra ilé ìmọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìmáàmù, ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ àsàlátù, mo bẹ̀ yín. Bọ́ọ̀sì tí a ń háyà lọ sí wòlímọ̀, ẹ jẹ́ kí a háyà rẹ̀ ní ọjọ́ kan lọ́dún, kí ó kó àwọn ọmọ tí ó fẹ́ ṣe JAMB àti àwọn òbí wọn káàkiri àwọn ọgbà wọ̀nyí. Kí alága ọjà bá wọn lọ, nítorí oníṣòwò mọ ìbéèrè bèèrè. Ọmọ tí ó bá ti fojú rí ibi tí ó ń lọ yóò mọ ohun tí ó ń tìtorí rẹ̀ kàwé lóru.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn ọmọ wa ní ìmọ̀ tí ó ṣàǹfààní, kí ó sì bùkún owó tí a fi òógùn ojú kó jọ. Àmín.