Ilẹ̀kùn Tí A Ṣí fún Ọkùnrin, Tí A Tì Mọ́ Obìnrin Sóde

Ẹni tí ó bá gba Independence Avenue kọjá ní Àkrà, olú-ìlú Gánà, kò ní ṣàì rí tẹ́ḿpìlì tí Ìjọ Jésù Kristi ti Àwọn Ènìyàn Mímọ́ Ọjọ́ Ìkẹhìn, tí ayé ń pè ní Mọ́mọ́nì, yà sí mímọ́ ní ọdún 2004. Níbẹ̀ ni a ti ń so tọkọtaya pọ̀ títí ayérayé. Ẹ̀kọ́ ìjọ náà lórí ìdílé kò ṣeé fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn: aya kan fún ọkọ kan, kí ọkọ má mu ọtí, kí ó má lu aya, kí ó sì tọ́jú ọmọ. Obìnrin tí ó ti jẹ ìyà orogún rí mọ iyì èyí.

Ṣùgbọ́n dídùn ọbẹ̀ kò ní kí a gbé eegun inú rẹ̀ mì. Nínú ìjọ yìí, ọkùnrin nìkan ni ó ń gba oyè àlùfáà. Obìnrin lè sọ̀rọ̀ nínú ìsìn, ó lè ṣe olórí Ẹgbẹ́ Ìrànlọ́wọ́ àwọn obìnrin, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1842. Ṣùgbọ́n kò lè ri ọmọ tí ó bí bọmi, kò sì lè jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù. Bí a bá béèrè ìdí, àwọn agbèjà òfin náà a fèsì méjì: pé àṣẹ Ọlọ́run ni, àti pé ọ̀ràn àwọn obìnrin òyìnbó ni ìjà ẹ̀tọ́ obìnrin, kò kan Áfíríkà.

Ìtàn Gánà fúnra rẹ̀ ni ó já èsì kejì nírọ́. Kí àwọn míṣọ́nnárì tí ìjọ náà rán tó dé ní òpin ọdún 1978, àwọn ọmọ Gánà ti ń sin Ọlọ́run ní orúkọ Mọ́mọ́nì. Ní Sekondi àti Takoradi, obìnrin ni olórí wọn, Wòlíì Rebecca Mould. Àwọn míṣọ́nnárì dé, wọ́n ri òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ bọmi, wọ́n gba ọ̀pá àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fi lé ọkùnrin lọ́wọ́. Kò pẹ́ tí ó fi kúrò, ọ̀pọ̀ nínú agbo rẹ̀ sì bá a lọ. Òyìnbó wo ni ó kọ́ ọ ní ìwàásù? Ta ni ó sì kọ́ Christianah Abíọ́dún Akínsọ̀wọ́n, tí òun àti Moses Orímọládé jọ dá Ìjọ Kérúbù àti Séráfù sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1925?

Èsì kìíní kò sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Títí di oṣù kẹfà ọdún 1978, ìjọ kan náà kò fún ọkùnrin dúdú ní oyè àlùfáà. Àṣẹ Ọlọ́run ni wọ́n pe ìyẹn náà. Ìfihàn titun dé, òfin yí padà. Ọdún tí a ṣí ilẹ̀kùn fún ọkùnrin dúdú ni a tì í mọ́ Rebecca Mould sóde! Nígbà tí Kate Kelly sì béèrè oyè fún obìnrin ní Amẹ́ríkà, ìjọ yọ ọ́ lẹ́gbẹ́ ní ọdún 2014. Ìyọlẹ́gbẹ́ kì í ṣe ìdáhùn sí ìbéèrè.

Ìyá tí ó ń tajà ní Mákólà, tí ó ń san owó ilé ìwé ọmọ, ń mú ọmọbìnrin rẹ̀ lọ sí ìsìn lọ́jọ́ ìsinmi. Ọmọ náà ń wo ọmọdékùnrin ọdún 12 tí ó ń pín oúnjẹ Olúwa. Ó mọ̀ pé iṣẹ́ yẹn kò ní kan òun láé, bí ó ti wù kí òun gbọ́n tó. Ẹ̀kọ́ tí ó ń gbé wá sílé nìyẹn. Bí ọkùnrin rí ejò, tí obìnrin sì pa á, kí ejò ṣáà ti má lọ. Ìjọ tí ó bá fẹ́ kí ìdílé Áfíríkà dúró kò gbọdọ̀ gba igi lọ́wọ́ obìnrin.